Ta Ló Jókòó Ti Ọmọ Náà?

Bí ẹ bá gba Ìjẹ̀ṣà-Iṣu wọ Ìkọ̀lé, tàbí tí ẹ ti Ìfàkì yà sí Ìdó, ẹ ó rí pátákó ilé ìwé aládàáni lọ́tùn-ún lósì. Láyé àtijọ́, àwòrán ọmọ tó wọ aṣọ oyè ni wọ́n máa ń yà sí i. Nísinsìnyí, kọ̀ǹpútà ti dé ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà, tábúlẹ́ẹ̀tì sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí pátákó ń wí yé gbogbo òbí: níbí, láti jẹ́léósinmi ni ọmọ yín yóò ti máa fi ẹ̀rọ kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró lára pátákó mọ́. Mo ti gbọ́ ọ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olóṣèlú wa bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé. Wọ́n ní ọmọ tó bá tètè dé orí ayélujára ni yóò tètè gbọ́n. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́ta tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fóònù ti mọ̀wé dé ìdajì. Wọ́n ní ohun tó fi ọmọ Èkó ṣáájú ọmọ àríwá Èkìtì kò ju dátà lọ. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, wọ́n á rán yín létí pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Èmi fẹ́ jiyàn. N kò kórìíra ẹ̀rọ, n kò sì fẹ́ kí ọmọ Èkìtì kankan gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ yìí ń gba owó lọ́wọ́ òbí tí kò ní in, ó ń jẹ àkókò tí ọmọ kò ní rí gbà padà, èyí tó sì dùn mí jù ni pé ó ń sọ fún àwọn tó lè kọ́ ọmọ náà pé wọn kò já mọ́ nǹkan kan.

Ọmọ tí mò ń wí ni ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́jọ, láti jẹ́léósinmi dé ìwé kẹta. Ẹ jẹ́ ká yọ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn kúrò nínú ẹ̀ ná, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń dà rú. Nígbà tí ìjọba Ọ̀ṣun lábẹ́ Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ọmọ girama àgbà ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tó ń múra ìdánwò àṣekágbá sílẹ̀. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé fi ẹ̀rọ Copilot ti Microsoft kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn àkókò ilé ìwé ní ìlú Benin ní ọdún 2024, tí àbájáde rẹ̀ sì dára, ọmọ SS1 ni wọ́n, olùkọ́ sì wà pẹ̀lú wọn nínú yàrá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ti mọ ìwé kà. Ó lè dúró lórí ohun kan fún wákàtí kan, ó lè mọ ìgbà tí nǹkan kò yé e, kó padà sẹ́yìn lọ tún un kà. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò ní ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tó bá mú àṣeyọrí ẹ̀gbọ́n wá tà fún òbí àbúrò, kò sọ òótọ́ tán.

Kí ni ọpọlọ ọmọ kékeré ń ṣe nígbà tó bá ń wo àwòrán? Ní ọdún 1987, onímọ̀ ìṣesí ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà, Judy DeLoache, ṣe yàrá kékeré kan tó jọ yàrá ńlá gẹ́lẹ́, àga níbi tí àga wà, tìmùtìmù níbi tí tìmùtìmù wà. Ó fi nǹkan ìṣeré kékeré pamọ́ sínú yàrá kékeré níṣojú ọmọ, ó sì sọ fún un pé èyí tó tóbi wà ní ibi kan náà gẹ́lẹ́ nínú yàrá ńlá. Àwọn ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́ta wọlé, ọ̀pọ̀ wọn lọ tààrà síbẹ̀, wọ́n rí i. Àwọn ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ wọlé, wọ́n ń wá a káàkiri. Bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá dá wọn padà sídìí yàrá kékeré, wọ́n á nawọ́ mú ti inú rẹ̀ láìṣìnà. Wọn kò gbàgbé. Kò tíì yé wọn ni, pé nǹkan kan lè dúró fún nǹkan mìíràn.

Òye yìí ni àwa àgbà ti gbàgbé pé a kọ́. Àwòrán ewúrẹ́ kì í ṣe ewúrẹ́, ó ń dúró fún un ni. Lẹ́tà a kò ní ohùn, àwa la fi ohùn sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni òye náà ń wọlé, láàárín ọdún mélòó kan, kò sì sí ohun tó ń mú un wọlé bí ẹni tó ń nawọ́ sí nǹkan, tó ń pè é, tó ń dúró kí ọmọ pè é tẹ̀lé e.

Ní ọdún 2010, DeLoache àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí mìíràn jáde. Wọ́n mú àwọn ọmọ oṣù 12 sí 18, wọ́n sì fún àwọn kan nínú wọn ní fídíò tí wọ́n ń tà lọ́jà pé ó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀. Oṣù kan ni wọ́n fi wò ó nílé. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò mọ̀ ju àwọn tí kò rí fídíò náà rárá. Àwọn tó mọ̀ jù lọ ni àwọn tí wọ́n kàn fún òbí wọn ní orúkọ àwọn nǹkan náà lórí ìwé pé kí wọ́n fi wọ́n kọ́ ọmọ bó ṣe wù wọ́n, láìsí fídíò kankan. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú rẹ̀ ni ti àwọn òbí: ẹni tí fídíò náà wù jù ni ó gbà gbọ́ jù pé ọmọ òun ti kọ́ nǹkan. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí òbí kan bá dìde ní ìpàdé tó ní ọmọ òun ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí òyìnbó látìgbà tó ti ń wo fóònù. Òbí náà kò purọ́. Ohun tó fẹ́ràn ló ń rí.

Àwọn tó ń tà á fún wa á ní ọmọ ọwọ́ nìyẹn, ti jẹ́léósinmi yàtọ̀. Ó yàtọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan náà ni. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2014 fi gbòǹgbò náà hàn dáadáa. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ tó lé díẹ̀ ní ọdún méjì ní ọ̀rọ̀ tuntun lọ́nà mẹ́ta. Àwọn kan, ènìyàn ló jókòó níwájú wọn. Àwọn kan, ojú ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń rí olùkọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ń rí wọn, ó ń gbọ́ wọn, ó sì ń dá wọn lóhùn. Àwọn tó kù, fídíò ìgbà tí olùkọ́ náà ń bá ọmọ mìíràn sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wò. Ọ̀nà méjì àkọ́kọ́, ọmọ gbọ́n sí i. Ti ìkẹta, kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kò sí lọ́rùn ojú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, nígbà náà. Ohun tí ọmọ ń wá ni ẹni tó ń dá a lóhùn ní àkókò tó yẹ, lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà fún wa ní orúkọ ẹ̀kọ́ orí ayélujára fún ọmọdé kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú. Wọ́n ti gbà á sílẹ̀ níbi kan, fún ọmọ mìíràn, ní èdè mìíràn.

Mo jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu níbi tí ọmọ ọdún márùn-ún kan ti ń fi fóònù kọ́ ìṣirò. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, òun ló fi fóònù náà ránṣẹ́, òun ló sì ń fi dátà sí i lóṣooṣù. Èso ápù mẹ́ta yọ lójú fóònù, méjì tún yọ, ohùn obìnrin kan béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì pé mélòó ni gbogbo rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta jáde nísàlẹ̀. Ọmọ náà kò tilẹ̀ wo àwọn ápù náà. Ó tẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́, kò dún. Ó tẹ èkejì, fóònù pàtẹ́wọ́, ìràwọ̀ kan bọ́ sílẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí ìràwọ̀ fi kún ojú fóònù. Ohun tó kọ́ yé mi kedere: tí ìka bá ń tẹ̀ láìsinmi, àtẹ́wọ́ á dé.

Ìyá àgbà rẹ̀ ń pa èkùrọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nígbà tí fóònù náà kú, tí kò sì sí iná láti fi gbà á, ìyá náà kó èkùrọ́ mẹ́ta sọ́wọ́ ọ̀tún, ó kó méjì sọ́wọ́ òsì, ó ní, “Mélòó lèyí?” Ọmọ dákẹ́. Ìyá kò sọ nǹkan kan. Ọmọ sún mọ́ ọn, ó fi ìka kan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó dà wọ́n pọ̀, ó di méjì mọ́ ìkúùkù, ó ṣí èyí tó kù sílẹ̀. “Mélòó ló wà lọ́wọ́ mi?” Ọmọ ka mẹ́ta tó wà nílẹ̀. Ó wo ìkúùkù náà pẹ́. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. “Èjì,” ó ní.

Ìyọkúrò nìyẹn. Fún ọmọ ọdún márùn-ún, láti mọ iye ohun tí kò rí kì í ṣe nǹkan kékeré, ìyá tí kò kàwé ló sì mú un débẹ̀. Nígbà tí mo yìn ín, ohun tó sọ ni pé kí n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, pé fóònù ni olùkọ́ ọmọ náà. Ibí yìí ni inú mi ti bàjẹ́. A ti tan obìnrin yìí jẹ. A ti jẹ́ kó gbà pé ohun tí òun ní lọ́wọ́ kò tó ohun tí wọ́n ń tà.

Ó nídìí tí èkùrọ́ fi ṣe ohun tí àwòrán ápù kò lè ṣe. Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ọmọdé ṣe ń ronú, ẹnikẹ́ni nínú yín sì lè tún ọ̀kan nínú ohun tó ṣe ṣe lálẹ́ òní. Ẹ to èkùrọ́ mẹ́fà sí ìlà kan, ẹ to mẹ́fà mìíràn sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n kojú ara wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rin á ní wọ́n dọ́gba. Ẹ wá fa ìlà kejì gùn níṣojú rẹ̀, ẹ má fi kún un, ẹ má yọ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ á ní èyí tó gùn ló pọ̀ jù. Ẹ lè ṣàlàyé títí ilẹ̀ fi máa mọ́, kò ní yé e. Ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá ti fà á gùn, tó fà á padà, tó tún un kà, tó tún fà á, lọ́jọ́ púpọ̀, ni ìmọ̀ náà ń wọlé. Ọwọ́ ni ọmọ ọjọ́ orí yìí fi ń ronú. Àwòrán tó fúnra rẹ̀ yọ, tó fúnra rẹ̀ pòórá, ti já iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ lórí èdè, nítorí ibẹ̀ ni ọgbẹ́ tó jinlẹ̀ jù wà. Púpọ̀ nínú ètò orí fóònù tí ọmọ Ọyẹ́ àti ọmọ Ìkọ̀lé ń lò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, pẹ̀lú ohùn Amẹ́ríkà. Ẹ̀rù méjì ni ọmọ náà gbé sórí lẹ́ẹ̀kan náà: kó mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, kó tó mọ ìdáhùn rẹ̀. Ọpọlọ ọmọ kékeré kì í sì lè di ohun púpọ̀ mú pọ̀. Tí èdè bá ti gba gbogbo ààyè, ìṣirò dúró síta.

Ilẹ̀ Yorùbá yìí gan-an ni wọ́n ti fi èyí hàn aráyé. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó Ford Foundation. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kò gbẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì wà, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ ni, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì láti ìwé kẹrin. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ta wọ́n yọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Gbogbo ayé tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ fún ọmọdé ló mọ orúkọ iṣẹ́ yìí. Ìkọ̀lé kò jìnnà sí Ifẹ̀, ṣùgbọ́n àwa ni kò rántí rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde ní Abuja pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ìdí tó sọ ni pé ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó wọ ìwé kìíní ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìwé kẹta ló wà nígbà tí mínísítà ń sọ̀rọ̀. Ta ni nínú wọn tó ti jókòó ṣe WAEC? Ìlànà ọdún 1977 tó ṣáájú rẹ̀ náà sọ irú nǹkan báyìí fún àwọn kíláàsì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n orí ìwé ló dúró sí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa. A kò lè dá ohun tí a kò ṣe lẹ́bi. Ohun tó sì mú ìpinnu yìí burú fún ọ̀rọ̀ mi ni pé ó ti fún àwọn oníṣòwò láṣẹ: kò sí ìdí mọ́ tí ẹnikẹ́ni fi máa náwó sórí ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ tí a fi Yorùbá ṣe fún ọmọ kékeré.

Kódà tí wọ́n bá fi Yorùbá ṣe é, iṣẹ́ ṣì wà. Ẹni tó bá fi àwòrán ilé kọ́ ọmọ Ìkọ̀lé ní lẹ́tà i, kó mọ̀ pé “ulé” ni ọmọ náà ń pè é lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwòrán mìíràn ló yẹ kó kọ́kọ́ lò, kó tó bọ́ sí ti Yorùbá àjùmọ̀lò. Irú nǹkan yìí kò lè yé ẹni tó jókòó sí California. Olùkọ́ jẹ́léósinmi ní Ayédé mọ̀ ọ́n lójú oorun.

Mo mọ ohun tó lágbára jù tí wọ́n lè fi dá mi lóhùn, mi ò sì ní fi pamọ́. Ìdíje Global Learning XPRIZE, tó parí ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lọ sí abúlé 170 ní agbègbè Tanga ní Tanzania, fún àwọn ọmọ tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì dé ilé ìwé rí. Kí ọdún kan ààbọ̀ tó pé, àwọn kan nínú wọn ti ń ka gbólóhùn. Ètò méjì, onebillion àti Kitkit School, ló pín ẹ̀bùn mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là náà. Ní Malawi, ìjọba ti ń gbé iṣẹ́ onebillion yìí kan náà káàkiri ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, ó sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Swahili ni wọ́n fi kọ́ ọmọ Tanzania, Chichewa ni wọ́n fi kọ́ ọmọ Malawi. Kò gba dátà, oòrùn ló ń fún un níná. Àwọn ọmọ Tanga náà ti tó ọdún méje sókè. Àwọn tó ṣe ètò náà sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ọmọ kí wọ́n tó mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ̀rọ dákẹ́ àti iye ìgbà tó yẹ kó tún un sọ. Ẹni tó bá gbé irú èyí wá sí Òkè-Àkò tàbí Ìpáò, ní Yorùbá, fún ọmọ ìwé kìíní sókè, tí olùkọ́ sì wà níbẹ̀, èmi ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ohun tí wọ́n ń tà fún wa kò jọ ọ́ rárá. Èyí tí wọ́n ń tà jọ ti Peru, níbi tí ìjọba ti pín kọ̀ǹpútà fún ọmọ ilé ìwé lọ́pọ̀ yanturu. Nínú ìwádìí tó jáde ní ọdún 2012 lórí ilé ìwé abúlé tó lé ní 300, ìṣirò àti ìwé kíkà àwọn tó gba kọ̀ǹpútà kò sàn ju ti àwọn tí kò gbà.

Wọ́n á tún ní àjàkálẹ̀ àrùn ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Lóòótọ́ ni. Nígbà tí Kòrónà ti ilé ìwé pa ní ọdún 2020, ìjọba Èkìtì lábẹ́ Káyọ̀dé Fáyẹmí, ọmọ Ìṣàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́, gbé ẹ̀kọ́ lọ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n BSES. Ìgbésẹ̀ tó dára ni, ó sì fi ohun kan hàn tí a kò lépa mọ́ látìgbà náà: rédíò ń dé ibi tí dátà kò dé. Àmọ́ ẹ̀kọ́ rédíò fún ọmọ ọdún mẹ́fà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn ará Nicaragua, pẹ̀lú àwọn olùwádìí láti Stanford, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1974 fún ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohùn rédíò béèrè, ó dákẹ́, ọmọ dáhùn sókè, ohùn sọ ìdáhùn, ó tún béèrè. Ó ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n ka òkúta, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì dúró dè wọ́n ní gbogbo ìgbà. Àwọn ọmọ tó gbọ́ ọ tayọ àwọn tí kò gbọ́ ọ jìnnà.

Ìdákẹ́ yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Apàlọ́ kì í dá sọ̀rọ̀. Yóò ní “Àlọ́ o,” yóò sì dúró kí ọmọ ní “Àlọ̀.” Yóò dá orin, ọmọ á gbè é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìtàn ìjàpá àná ni ọmọ á tún béèrè fún, ìyá àgbà á sì tún un pa láìbínú, nítorí ó mọ̀ pé ohun tó ti sú òun kò tíì sú ọmọ. Àwọn tó ṣe Blue's Clues lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní ọdún 1996 náà dé ibẹ̀: ìtàn kan náà ni wọ́n ń fi hàn fún ọjọ́ márùn-ún léraléra, olóòtú ń béèrè, ó sì ń dákẹ́. Owó gọbọi ni wọ́n ná lórí ìwádìí kí wọ́n tó mọ ohun tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ti mọ̀. Kí ló dé tí kò sí ètò rédíò kan báyìí fún ọmọ ìwé kìíní, lédè Yorùbá, tí àwọn ìyá wa ń bá wọn ṣe é?

Fóònù náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, kódà èyí tí kò mọ̀ ju ìpè lọ. Ní Botswana, nígbà Kòrónà, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìṣirò ránṣẹ́ sí ìdílé àwọn ọmọ ìwé kẹta dé ìkarùn-ún. Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan kò ṣe nǹkan kan tó hàn. Ṣùgbọ́n níbi tí ènìyàn ti ń pe ilé náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, tí òbí àti ọmọ jọ ń gbọ́, tí wọ́n ń mú ọmọ níbi tó dé, ìṣirò àwọn ọmọ náà gbéra. Ní Sierra Leone, wọ́n ní kí olùkọ́ máa pe àwọn ọmọ, èsì ìdánwò kò sì yí padà. Nítorí náà, ìpè lásán kò tó. Ó gba kí ẹni tó ń pè mọ ohun tí ọmọ mọ̀ àti ohun tó kàn.

Àríwá Èkìtì kò ṣaláìní ohun tí a nílò. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọyẹ́ láti ọdún 2011: ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Ọyẹ́, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ìkọ̀lé. Kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ pẹ̀lú olùkọ́ ìwé kìíní méjì mẹ́ta tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n ṣe ètò ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ní Yorùbá, tí ìyá àgbà lè tẹ̀ kó máa gbọ́ ọ láìsí dátà, tó ń sọ fún ìyá náà ohun tó yẹ kó kó sọ́wọ́ àti ìbéèrè tó yẹ kó bi ọmọ. Àgbàlagbà tó jókòó ti ọmọ ni ètò náà gbọ́dọ̀ kọjú sí. Ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó wà ní Ìdó, níbi tí àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí nọ́ọ̀sì sọ ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 fún wọn: ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò gbọdọ̀ máa jókòó ti fídíò rárá, ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Kí BSES ya ìdajì wákàtí láràárọ̀ sọ́tọ̀ fún ìwé kìíní. Kò sí èyí tó gba owó tábúlẹ́ẹ̀tì nínú gbogbo rẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún jẹ́léósinmi yín ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ mú ọmọ ọdún márùn-ún kan wá síwájú rẹ̀, kí ó pa dátà, kí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà bá ọmọ sọ Yorùbá, kí ó dúró títí ọmọ á fi dáhùn, kí ó sì fi ohun tí ẹ̀rọ ń sọ fún olùkọ́ hàn yín nígbà tí ọmọ bá ṣì í. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ dá owó yín padà sápò, kí ẹ fi gba olùkọ́ kejì sí kíláàsì jẹ́léósinmi.